Ẹ Má Tíì Tú Yàrá Déolú

Ẹ̀yin ẹbí Déolú, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin aláṣọ funfun, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yin ará Ọgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti Agége wá, ẹ̀yin tí ẹ kúrò níbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà tí ẹ ò tíì délé tí ẹ fi yà síbí, mo kí gbogbo yín. Kí Ọlọ́run má ṣe tún fi irú èyí kó wa jọ. Ẹ ṣe àmín yẹn dáadáa, àmín tó tutù báyìí kì í dé òkè. Ẹ ṣé.

Èmi ni Nùréènì. Àwọn tó mọ̀ mí ń pè mí ní Bàbá Mukhtar. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mọ́tò ni mò ń ṣe, kì í ṣe èyí tó ń rìn lójú títì o, èyí tó ń yí ẹ̀rọ nínú iléeṣẹ́ ni. Bó bá jóná, èmi ni mò ń tú wáyà inú ẹ̀ tí mo ń wé òmíràn sí i. Mùsùlùmí sì ni mí. Nígbà tí ẹbí ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbi àìsùn yìí, Hassanat ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá Mukhtar, ṣé ẹ mọ orin wọn?" Mo ní orin kọ́ ni wọ́n pè mí fún. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n pè mí fún, ọ̀rọ̀ sì ti kún inú mi dé ọ̀fun. Ẹ fojú fò mí o, torí mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Inú ń bí mi sí ikú. Inú ń bí mi sí Déolú fúnra ẹ̀. Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹbí yìí kí n tó jókòó, ọwọ́ yín ló wà, bí ẹ ò bá sì ṣe é fún mi, mi ò mọ ojú tí màá fi wo ìyá tó bí òkú yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó lọ fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pín mínírà, ẹ dúró ná. Ìgò yẹn ń pariwo jù. Ẹni tí a tìtorí ẹ̀ péjọ kò lè fara dà á kí ìgò máa kan ìgò. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín.

Ibi fáànù lèmi àti Déolú ti pàdé. Ó gbé fáànù orí tábìlì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń sọ̀rọ̀ jù ni. Mo ní, "Ọ̀gá, gbogbo fáànù ló ń sọ̀rọ̀." Ó ní kí n bá òun ṣe é kí tòun dákẹ́. Mo tú u, mo fi òróró sí i, mo dì í padà. Ó gbé e lọ, ó gbé e dé. Ó ní ó ṣì ń kùn. Mo tún un ṣe, ó tún gbé e dé. Mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ fi fáànù tí kò lóhùn ṣe gan-an?" Ó ní kí n jẹ́ ká lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wọ yàrá ẹ̀yìnkùlé tí gbogbo yín mọ̀ yẹn, tó fi kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti fóòmù àga bo ògiri ẹ̀ látòkè délẹ̀, tí kò sí fèrèsé kan tó ṣeé ṣí níbẹ̀. Òógùn bò mí. Mo ní inú ibí lẹ ń jókòó sí láìsí atẹ́gùn? Ó ní, "Ooru kì í wọ inú máìkì, ariwo ló ń wọ ibẹ̀." Ó pa fáànù tí mo ti ń bá yí láti ọjọ́ yìí, kò sì tàn án mọ́ nínú yàrá náà títí ó fi kú. Bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá a ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ike, ẹ mọ ariwo tó ń gbọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ti délé tó wẹ̀ tó jẹun, yàrá ló kù. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yín, ibẹ̀ ló ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Àwọn àsàlátù Hassanat, ibẹ̀ náà ni. Ẹ̀yin kì í fi bàtà wọ aṣọ funfun, àwa náà ń bọ́ bàtà ká tó kírun, nítorí náà ẹnu ọ̀nà Déolú kì í ṣàìkún fún bàtà, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ti onígbàgbọ́ yàtọ̀ sí ti ìmàle. Mo ti wọ bàtà wòlíì kan délé rí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó kúkú wà níbí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Wòlíì, ẹ má bínú, ó bá mi lẹ́sẹ̀ mu ni.

Ẹ wo Bàbá Quadri tó jókòó sọ́hùn-ún. Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Bàbá yìí kọ wéré nígbà èwe wọn, nínú oṣù ààwẹ̀ gbogbo Agége ló ń gbọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n ní kí Déolú bá àwọn gba ohùn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n ohùn ti ń gbọ̀n. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n ní kó pa á rẹ́. Wọ́n tún un kọ, wọ́n ní kò dáa. Bàbá bá bú sẹ́kún. Déolú yọ nǹkan tó fi ń gbọ́ ohùn kúrò létí, ó lóṣòó síwájú wọn, ó ní, "Bàbá, ohùn yín ò bàjẹ́ o. Ó dàgbà ni." Bàbá nu ojú, wọ́n kọ orin náà tán lọ́jọ́ yẹn. Ṣé irọ́ ni mo pa, Bàbá? Wọ́n ń mi orí. Ẹ bá mi fà wọ́n mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Olóríkunkun ni. Mo ń sọ ọ́ níwájú pósí ẹ̀, kó bọ́ sílẹ̀ kó wá bá mi jà tó bá lè ṣe é. Bóun bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹ mọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn. Ó wúwo bí ọlọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni àpótí dúdú kan wà tí wọ́n ń ki wáyà máìkì bọ̀, àpótí yẹn ló ń gba ohùn lẹ́nu èèyàn tó ń gbé e fún kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì. Wọ́n gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń dàgbà bí èèyàn. Ẹgbẹ́ akọrin á kọrin dé ibi tó dùn jù, kọ̀ǹpútà á dákú. Ìyá kan á ti gbé ohùn sókè, á ti di ojú méjèèjì, ẹ̀mí á ti gbé e, Déolú á wá ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ó ti gan." Ìyẹn bí àwọn kan nínú, wọ́n ní kó ra tuntun. Èmi náà ní kó ra tuntun. Ó ní òun á rà á.

Ó rà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe rà á. Èmi àti ẹ̀ jọ lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà. Ó gbé àpótí dúdú mọ́ àyà, ó fi ìborùn ìyàwó ẹ̀ wé e bí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí a bá wọ̀, tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà jáde, kò ní béèrè bó ṣe yára sí, kò ní béèrè bó ṣe lágbára sí. Á tú ìborùn, á gbé àpótí sórí káńtà, á ní, "Ṣé ó lè bá èyí sọ̀rọ̀?" Wọ́n á yí i sọ́tùn-ún, wọ́n á yí i sósì. Irú ẹnu tí wáyà àpótí yẹn ní, kò sí ihò tó bá a mu lára kọ̀ǹpútà ìwòyí mọ́. Ọlọ́jà kan ní, "Dádì, ẹ ju nǹkan yìí dànù jàre. Ayé ti fi sílẹ̀." Déolú rọra ń wé ìborùn ẹ̀ padà. Ó ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ lò ń tà fún mi. Àwọn mìíràn tí ohùn wọn wà nínú tèmi, wọ́n ti kú." Ọlọ́jà yẹn fún wa ní omi tútù mu.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ń sọ ọ́ kíkankíkan pé ìyàwó tuntun tí kò bá ti lè kúnlẹ̀ kí ìyálé, kò ní wọ ilé òun. Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń sọ ọ́ bọ̀, títí a fi wọlé, tí ìyàwó wa Olúfọlákẹ́, aya Déolú, fi gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná. Ó ní, "Ìyàwó tuntun wo nìyẹn?" Kí a tó ṣàlàyé tán pé kọ̀ǹpútà ni, ọbẹ̀ ti wọnú fìríìjì. Gààrí làwa méjèèjì mu lọ́jọ́ yẹn, ó wà níbẹ̀ yẹn, ẹ bi í.

Ó padà ra tuntun kan, ó sì pẹ́ tó fi ń wá wáyà tó máa so ó mọ́ àpótí kiri. Ó rí èyí tó so ẹnu àtijọ́ mọ́ ẹnu tó tẹ̀ lé e, ó tún rí èyí tó so ìyẹn mọ́ ti ìwòyí. A so wọ́n, kọ̀ǹpútà tuntun wo àpótí bí ẹni tí kò rí i rí. Àwọn tó ṣe àpótí náà ti jáwọ́ nínú ètò tó ń jẹ́ kó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà tuntun. Mo ní, "Déolú, ó tó gẹ́ẹ́. Ra àpótí tuntun mọ́ ọn, ká sinmi." Ó ní, "Nùréènì, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́." Ó ní kò sófin tó ní kí kọ̀ǹpútà tuntun máa lo ètò tó dé kẹ́yìn. Ó pa gbogbo ohun tó bá wá rẹ́, ó fi ètò tó ṣáájú ẹ̀ sí i, èyí tó ṣì mọ àwọn àgbà. Ó tún àpótí kì. Iná kékeré ara àpótí yẹn ṣẹ́jú, ó dúró, ó tàn. Ọkùnrin tó ti níyàwó tó ti bímọ dì mọ́ mi, ó ń fò sókè sódò nínú yàrá tí kò sí atẹ́gùn. Òógùn ẹ̀ ló wà lára ẹ̀wù mi délé.

Ṣùgbọ́n ìyálé, kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, ò kúrò níbẹ̀ o, ẹ fetí sí eléyìí dáadáa. Àwọn iṣẹ́ àtijọ́ tó ti gbà sílẹ̀ kò ṣí nínú ètò tuntun. Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ nìkan ni wọ́n ti ń ṣí, ètò inú ìyẹn náà kò sì ní ṣí rárá bí kò bá rí àpótí dúdú lára. Nítorí náà ńṣe ló ń tan àtijọ́, tó ń mú iṣẹ́ kan jáde níbẹ̀, tó ń gbé e kọjá sínú tuntun, tó tún ń padà wá mú òmíràn. Ó dà bí ẹni tó fi ife pọn omi láti inú kànga kan sí òmíràn. Mo ní ìgbà wo ló máa tán? Ó ní ìgbà tó bá tán.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe sí tuntun yẹn. Ọ̀sẹ̀ ìkórè ìjọ yín ni. Ẹgbẹ́ akọrin ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì wá gba orin ìkórè sílẹ̀. Mo bá Déolú nínú yàrá, ó mú ike omi àdúrà dání, ó fẹ́ ya kọ̀ǹpútà sí mímọ́. Mo ní, "Déolú, iná wà lára nǹkan yẹn." Ó ní, "Nùréènì, omi àdúrà kì í pa nǹkan." Ẹlòmíràn ìbá fi ìka kan ṣoṣo tọ́ ọ. Déolú ò mọ ìwọ̀n bó bá ti fẹ́ràn nǹkan. Ó wọ́n ọn bí ẹni tó ń wọ́n omi sí ẹ̀fọ́ kó má baà rọ. Kọ̀ǹpútà dún ṣàà, ó ṣókùnkùn. Nǹkan rùn. Ó wá yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Bóyá Ọlọ́run fẹ́ lò ó fún ara ẹ̀ ni."

Ta ló gba orin ìkórè yẹn sílẹ̀? Ìyálé ni. Ó gan, ó jí, ó gan, ó jí, orin tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù yín títí dòní, òun àti àpótí dúdú ló gbà á. Bí Déolú bá ti gbọ́ ti ọlọ́jà ni, ìkórè yín ìbá kọjá láìlórin. Èmi ni mo tú tuntun, mo fi ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ mọ́tò fẹ́ ẹ, oòrùn ṣe ìyókù, ó jí. Láti ọjọ́ yẹn, ara ilẹ̀kùn níta ni omi àdúrà ń mọ.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín tó. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó ń dùn mí.

Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ lọ jí i kó wá jẹun, kò jí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ìyẹn ni wọ́n sọ nílé ìwòsàn nígbà tó ti bọ́. Déolú, ìwọ tó o máa ń gbọ́ ọ bí fáànù ń kùn nílé kejì, báwo ni o ò ṣe gbọ́ ara tìẹ? Mo ní kó o lọ yẹ ara rẹ wò. Mo sọ ọ́ lẹ́rọ̀, mo sọ ọ́ kíkan. O ní tó o bá ti kó àwọn ohùn yẹn kọjá tán. Wàyí o, wọn ò tán, ìwọ lo tán. Inú ń bí mi sí ẹ, Déolú. Mi ò ní purọ́ torí pé òkú ni ẹ́. Ìbá ṣeé ṣe, ǹ bá fà ẹ́ dìde kí n gbá ẹ létí, kí n sì gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́rùn mi.

Ẹ gbà mí láàyè díẹ̀.

Ẹ ṣé. Ẹ wò yíká. Màmá Catherine tó bí i kò sí níbí. Gbogbo wa mọ ìdí ẹ̀. Àwa kì í jẹ́ kí òbí rí òkú ọmọ, a kì í jẹ́ kó mọ ojú oórì ọmọ. Wọ́n ti gbé Màmá lọ sí Àgídìngbì sọ́dọ̀ àbúrò wọn, ibẹ̀ ni ẹbí ní kí wọ́n wà títí a ó fi sin ín lọ́la. Mi ò bá àṣà jà, bàbá mi náà ò ní gbà kí n bá a jà. Mo lọ kí Màmá lánàá. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò lè dìde. Wọn ò sunkún. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ na ìró wọn lórí itan, wọ́n ń nà án, wọ́n ń nà án. Wọ́n ní, "Nùréènì, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ rí i. Ó dáa, mo gbà. Ojú ni àṣà dè. Ṣé ó de etí náà ni? Bá mi wá ohùn ọmọ mi, kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo ní, "Màmá, ìyẹn ò le." Ẹnu mi sọ ọ́ kí orí mi tó rò ó. Mo jáde, mo yẹ fóònù mi wò. Mo yẹ ti Hassanat. Ìyàwó wa yẹ tiẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ni Déolú fi ohùn ránṣẹ́ sí rí? Ó ní ohùn tó gba inú fóònù kọjá, ẹ̀fọn ni. Bẹ́ ẹ bá fi ohùn ránṣẹ́ sí i, ńṣe ló máa ń tẹ èsì padà. Fídíò ńkọ́? Òun ló máa ń yà á, kì í sí nínú ẹ̀. Mo wá ń gbọ́ àwọn orin tó gbà sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn gbogbo Ọgbà wà níbẹ̀, ohùn Agége wà níbẹ̀, ohùn ìyá mi Sàídátù tó ti lọ sọ́run wà níbẹ̀ kedere, ohùn Déolú kò sí. Ẹni tó tọ́jú ohùn gbogbo wa, kò sẹ́nì kan nínú wa tó rántí tọ́jú tiẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, n kò sì tíì sunkún fún un láti ọjọ́ tó ti kú.

Olúfọlákẹ́ ìyàwó ẹ̀ ló pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Bàbá Mukhtar, àwọn ibi tó máa ń gé dànù ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Orin tó wà lọ́wọ́ yín, ó ti gé orí àti ìdí ẹ̀ kó tó fún yín. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, bó ṣe gbà á lọ́jọ́ náà gan-an ló wà, kì í pa nǹkan kan rẹ́. Èmi àti ìyàwó wa wọ yàrá. Mo tan àpótí dúdú, mo tan àtijọ́, ó ń ro, ó ń ro, ó ṣí. A tẹ iṣẹ́ kan, èyíkéyìí tọ́wọ́ bà.

Ẹ̀yin èèyàn, Déolú wà níbẹ̀!

Ó ń ní, "Ìyá Afeez, ẹ sún mọ́ máìkì, kì í bu èèyàn jẹ." Ó ń bi ẹnì kan bóyá ibà ti kúrò lára ọmọ ẹ̀. Ó ń wúkọ́. Ó ń fi ẹnu ara ẹ̀ kọ orin han àwọn tó ṣì í kọ, ohùn ẹ̀ ò dáa, Ọlọ́run mọ̀, ohùn ẹ̀ ò dáa rárá, ó ṣì ń kọ ọ́. A tẹ òmíràn, ó wà níbẹ̀. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ó wà níbẹ̀. Bí orin bá parí, ó wà níbẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ọ̀kan, ilẹ̀kùn dún, a gbọ́ ohùn Màmá Catherine láti òkèèrè pé kó wá jẹun, oúnjẹ ti tutù. Ó ní, "Mò ń bọ̀, Màmá. Ó kù díẹ̀." Ìyàwó ẹ̀ ṣubú lé tábìlì. Èmi náà di ògiri mú.

Ọláwọlé, àbúrò Déolú, dìde. Má fòyà, dìde kí wọ́n rí ẹ. Bàbá onílé fẹ́ gba yàrá ẹ̀ padà, yàrá ẹ̀ ni, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Mo gbọ́ pé o ti bá ẹnì kan sọ ọ́ pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó wá palẹ̀ ẹrù yàrá náà mọ́, kí tuntun lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ ẹ, kí àtijọ́ àti àpótí dúdú bá àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ̀mù, nǹkan tó ti bàjẹ́, lọ. Ìyẹn ló bí mi nínú o, ṣùgbọ́n mi ò pè ẹ́ ní èèyàn burúkú. O ò mọ̀ ni. Èmi gan-an ò mọ̀ títí di òwúrọ̀ yìí. Gbọ́ mi, àbúrò mi. Bí àpótí yẹn bá lọ, àtijọ́ ò ní ṣí mọ́. Bí àtijọ́ bá lọ, ohùn lọ. Bí tuntun bá lọ, kò sí ibi tí a ó kó ohùn náà sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi ẹ̀mí so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá tú wọn ká lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a jẹ́ pé ẹ sin Déolú lọ́la, ẹ tún sin ín lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyẹn. Bí a bá ti sin ín tán, èmi á kó gbogbo ẹ̀ lọ sí pálọ̀ mi bó ṣe wà, láìyọ wáyà kan. Hassanat ti gbé àga ẹ̀ kúrò. Ohun tó bẹ̀rẹ̀, mo ti wò ó ṣe tó, èmi á máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ẹ̀ àti ti gbogbo yín á fi kọjá. Ohun tí mo ń tọrọ nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè. Ẹ fún un ní máìkì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn tí ẹ ò gbọ́, ó ní òun rò pé ẹrù lásán ni. Ó ní òun á pe ẹni yẹn kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ó ní... ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ má dá a lẹ́kun, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kú. Ó ń bi mí pé, "Bọ̀dá Nùréènì, ṣé èmi náà lè gbọ́ ọ?" Wàá gbọ́ ọ, Ọláwọlé. Wàá gbọ́ ọ títí á fi sú ẹ. Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá. Ọlọ́run á bá ẹ tọ́jú àwọn tìẹ.

Déolú, ó wá ku èmi àti ìwọ.

Lọ́la, bí wọ́n bá ń gbé ẹ lọ, má wá ojú mi láàárín èrò. Mi ò ní sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn á bínú, wọ́n á ní Nùréènì ò dé ojú oórì ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Èmi nìkan ni mo mọ bí a ṣe ń tan àpótí yẹn báyìí, mo sì ti ránṣẹ́ sí Àgídìngbì pé kí wọ́n múra Màmá sílẹ̀, bí wọ́n bá ti gbé ẹ kúrò nílé ni màá lọ mú wọn wá. Ìdí tí mo fi ń kí ẹ pé ó dìgbóòṣe lónìí nìyẹn, níwájú gbogbo ayé.

Máa lọ, Déolú. Máa lọ, ọkọ Olúfọlákẹ́. Máa lọ, ọ̀rẹ́ tó bá mi jẹ gààrí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi ò dá. Kí ọ̀nà tẹ́jú níwájú rẹ, kí wọ́n má ṣe dá ẹ dúró lẹ́nu ibodè. Ohun tí wọ́n bá ń gbọ́ lọ́hùn-ún, òun ni kó o bá wọn gbọ́. Bó o bá rí ìyá mi, bá mi kí wọn. Má wẹ̀yìn wò. Ní àkókò tí àwọn wọ̀nyí bá ń da yẹ̀pẹ̀ lé ẹ lórí, Màmá ò ní gbọ́ ọ. Wọ́n á wà nínú yàrá rẹ lórí àga rẹ, ilẹ̀kùn á wà ní títì, ìwọ á sì máa bá wọn sọ̀rọ̀.